Bojúbojú Lórí Òkè Ìsádi

Màmá Ẹfúnyẹmí ni òpònú àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbà á sọ mọ́ ọn lẹ́nu. Arúgbó tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, tí ìdí rẹ̀ kì í gba àga kíláàsì, ló ní òun fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń fara pamọ́ han àwọn ọmọ iléèwé. Ó fẹ̀gbẹ́ wọ pàlàpálá àpáta kan lára Òkè Ìsádi. Orí wọlé. Èjìká wọlé. Ọmú méjèèjì wọlé lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀. Ó wá ku ìdí, ìdí sì kọ̀ jálẹ̀.

Ó mí síta, ó tì. Ó mí sínú, àpáta dì í mú bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ tó ń múra ọjà. Ìró rẹ̀ há, gèlè rẹ̀ ṣí bọ́ sínú òkùnkùn. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á níbi tó há sí.

"Ẹfúnyẹmí," ó sọ fún ara rẹ̀, "iyán àná yẹn, kò yẹ kí o bù ú lẹ́ẹ̀kejì."

Ó ń retí kí àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín níta. Ẹkún ló gbọ́.

"Màmá Tíṣà ti kú o!" Ohùn Mofíyìn nìyẹn, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àfi tó bá ń jẹun, nígbà mìíràn kì í sinmi nígbà náà pàápàá. "Iná wọn ti kú lójú pátákó! Màmá ti lọ!"

"Mi ò lọ síbì kankan!" Màmá pariwo láti inú òkúta. "Ìdí mi ló há! Ẹ wá fà mí!"

Kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Pátákó kíláàsì wà lọ́wọ́ wọn, ìyẹn dígí pẹlẹbẹ tí iná ilẹ̀kẹ̀ tí òfin dè mọ́ gbogbo wọn lára ń tàn lórí rẹ̀, ti ọmọ àti ti olùkọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ tó ń pa iná ènìyàn: ikú. Bí bàbá àgbà ilé wọn ṣe lọ nìyẹn, iná rẹ̀ kú lára ògiri pálọ̀, ìyá wọn sì ké. Wọ́n ń gbọ́ ohùn Màmá ketekete, síbẹ̀ pátákó ni wọ́n gbà gbọ́.

Ọmọ kan ló wá. Ó rọra mú Màmá lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ yí ìdí yín sápá òsì, Màmá. Ẹ má mí." Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, Màmá sì já bọ́ síta bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá bímọ, ó jókòó sórí koríko láìsí gèlè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń húkọ́.

Ìbídùn ni ọmọ náà. Lójú pátákó, iná Màmá tún tàn.

"Wọ́n ti jí!" ni Mofíyìn wí, ó sì ń wo Màmá tìfuratìfura.

"Mi ò tíì di Jésù," ni Màmá fèsì. "Ẹ jẹ́ kí n mí ná."

Kíláàsì àárọ̀ ọjọ́ náà ló fa gbogbo èyí. Ẹ̀kọ́ òwò ẹrú ló kàn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Màmá ti ń kọ́ ọ, ó sì ti mọ ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń sunkún àti ibi tí wọ́n ti máa ń pàtẹ́wọ́. Ó sọ̀tàn obìnrin kan fún wọn, Ọyáfúnkẹ́, tí ogun kó nígbà tí wọ́n finá sun ìlú rẹ̀, tí wọ́n tà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé agboolé ìjòyè kan.

"Òyìnbó ni ìjòyè náà?" ni ọmọkùnrin kan bi í.

"Rárá o. Ẹni bíi tèmi àti tìrẹ ni. Ó ń sọ èdè tí mo ń sọ yìí, ó sì ń jẹ irú oúnjẹ tí ìyá rẹ sè lánàá. Òyìnbó ra púpọ̀, wọ́n kó wọn sọdá òkun nínú ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ẹni tó kú lọ́nà, omi gbé e. Ṣùgbọ́n a kò ta gbogbo wọn tán. A tọ́jú àwọn kan fún ara wa, kí wọ́n máa pọnmi, kí wọ́n máa roko."

Ó sọ bí òfin ṣe dé: àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú rí, tí wọ́n kọ̀wé, tí wọ́n sọ̀rọ̀ ní gbangba títí ọ̀rọ̀ náà fi di ìtìjú létí àwọn ọlọ́lá, ọkọ̀ ojú omi tó ń lé ọkọ̀ ẹrú, àti bí òfin náà ṣe falẹ̀ kó tó wọ ìgbèríko, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá lè dúró dè é ní láti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ pàdé rẹ̀. Èkó ni wọ́n ń sá lọ. Ẹrú tó bá ti dé Èkó, ó ṣòro kí olówó rẹ̀ tó rí i mú padà. Ọyáfúnkẹ́ rìn lóru, ó sì ń fara pamọ́ lọ́sàn-án. Orí òkè tó wà lẹ́yìn iléèwé wọn yìí gan-an ló sùn sí.

Mofíyìn nawọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tó sá, kí ló dé tí ọ̀gá rẹ̀ kò wo pátákó?"

"Kò sí pátákó nígbà náà."

"Báwo ló ṣe wá mọ ibi tó wà?"

"Kò mọ̀."

Ọmọkùnrin ìṣáájú yẹn gbójú sókè. "Ẹni kankan ò mọ̀, Màmá? Nínú gbogbo ayé?"

"Nínú gbogbo ayé."

"Ṣé ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ kó tó lọ ni?" Mofíyìn tún nìyẹn.

"Ṣé ẹni tó ń sá máa ń dágbére ni, ìwọ ọmọ yìí?"

"Ó yẹ kó dágbére ni o, Màmá. Ọkàn ọ̀gá rẹ̀ á ti dà rú. Ẹni tó ń bọ́ ọ, tó ń fún ọ láṣọ, o kàn dédé pa iná rẹ mọ́ ọn lójú?"

Orí ń mì kiri kíláàsì: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Àánú olówó ẹrú ń ṣe wọ́n.

Òtútù mú Màmá láti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ dé ọrùn. Àwọn yìí ni ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ de ilẹ̀kẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. Àwọn tó ti kọ́ ṣáájú wọn ṣì rántí ìgbà tí wọ́n lè dúró sẹ́yìn ilé kí ìyá wọn máa pè wọ́n kiri. Àwọn wọ̀nyí kò fara pamọ́ rí. Kò sẹ́ni tó wá wọn tì rí. Màmá alára ní ilẹ̀kẹ̀ tirẹ̀, òfin kò yọ arúgbó sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìbàdí ló so ó mọ́ bí àwọn obìnrin ṣe ń so ilẹ̀kẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, kí ojú lè máa ti àwọn ọmọkùnrin Ilé Ojú tó ń ṣọ́ iná gbogbo ìlú láti sọ pé kó ṣí i kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbà yẹn ni ohùn obìnrin kan ti inú ilẹ̀kẹ̀ kan jáde láàárín kíláàsì, tó mú, tó sì ń kánjú: "Ìbídùn. Ìbídùn! Aṣọ tó wà nínú bàsíà yẹn ńkọ́?"

Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn pátápátá dìde, ó kúnlẹ̀ níwájú ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. "Mò ń bọ̀ mà. Tí wọ́n bá ti tú wa sílẹ̀, mà." Ilẹ̀kẹ̀ náà pọ́n díẹ̀, ọmọ náà sì fi eyín tẹ ètè. Ó jókòó padà. Kò sí ẹni tó yí ojú wò ó. Ọmọ ìgbàtọ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ tí òjò ti kọ̀ sílẹ̀, tí òfin fi sábẹ́ ìdílé kan títí wọn yóò fi dàgbà. Ìyáàfin Ọdúnúgà ló gbà á. Ilé tó dára ni.

Màmá wo Ìbídùn, ó wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹrú kò sí mọ́ láyé. Ó pa ìwé náà dé.

"Ẹ dìde," ó ní. "A ń lọ sórí òkè lọ ṣe bojúbojú."

"Kí ni bojúbojú, Màmá?"

Bó ṣe lọ há nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ti gbà pé kò kú, ó ṣàlàyé fún wọn. Ẹnì kan yóò fi àtẹ́lẹwọ́ bojú, àwọn tó kù yóò wọ inú àpáta lọ, ẹni tó bojú kò sì gbọdọ̀ wo pátákó. Eré ni. Tí òkúta bá dí iná ilẹ̀kẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, Ilé Ojú kì í bínú, wọ́n mọ̀ pé òkè ń dí i. Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ń gbọ̀n, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ọmọkùnrin kan tọ̀ sára. Nígbà tó yá, ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú òkúta jáde, ẹ̀rín tí Màmá kò tíì gbọ́ lẹ́nu wọn rí, kékeré, tó ń jó wọn lọ́fun. Mofíyìn yọ orí síta, òwú aláǹtakùn wà ní irun rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

"Màmá! Mo wà níbẹ̀, ẹni kankan ò mọ̀! Mo ronú nǹkan kan, ẹni kankan ò mọ̀ ọ́n!"

"Kí lo rò?"

Ọmọ tí kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́ yìí la ẹnu, ó tún pa á dé. "Mi ò ní sọ," ó ní, ẹnu sì ya òun alára.

Ọjọ́ ń rọ̀. Màmá pàtẹ́wọ́, eré parí, wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, eruku bò wọ́n, iná wọn ń tàn padà lójú pátákó. Ti Ìbídùn kò tàn.

Wọ́n pè é. Kò dáhùn. Màmá ní kí àwọn ọmọ jókòó, kí ẹnikẹ́ni má mira, ó sì gba ẹnu ihò kejì tó wà lókè wọlé, èyí tó gba ewúrẹ́ àti arúgbó. Ó rá pálá nínú òkùnkùn, ó ń ṣépè fún orúnkún rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti já sí kòtò ńkọ́? Àpáta náà jìn wọnú, ihò ń ṣí sínú ihò, títí dé ibi kan tí ìmọ́lẹ̀ fín-ín-rín ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, tí omi sì ń kán.

Ibẹ̀ ló ti rí i. Ìbídùn dùbúlẹ̀ lórí yanrìn, ó ká ara rẹ̀ jọ, ó fi gèlè Màmá tó sọnù borí. Oorun ló ń sùn. Kì í ṣe irú oorun tí ọmọdé ń sùn lọ́sàn-án. Oorun ẹni tí ó ti ń wá a kiri tipẹ́tipẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ là, itọ́ ń kán.

Màmá fọwọ́ kàn án léjìká. Ọmọ náà fò sókè lórí eékún, ojú rẹ̀ kò tíì là.

"Mò ń bọ̀ mà! Mi ò sùn, mà!"

"Èmi ni. Màmá ni."

Ìbídùn wò yí ká. Ó gbé ọwọ́ sétí, ó tẹ́tí sí ilẹ̀kẹ̀. "Kò sọ̀rọ̀," ó ní.

"Àpáta ló dí i."

"Kò sì ta mí." Ó nawọ́ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Lábẹ́ ilẹ̀kẹ̀ náà, awọ ara rẹ̀ ti dúdú, ó ti le bí àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká. "Tí mo bá pẹ́ kí n tó jí, ó máa ń ta mí. Tí wọ́n bá pè mí tí mi ò tètè jẹ́, ó máa ń ta mí. Màmá, Ọyáfúnkẹ́ yẹn, nígbà tó dé ibí, ṣé ó sùn dáadáa?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Mo rò pé ó sùn."

"Èkó tó sá lọ dà?"

"Omi ti gbà á."

"Mo mọ̀." Ọmọ náà tún dùbúlẹ̀, ó fa gèlè náà bo èjìká. "Ẹ má sọ fún wọn, Màmá."

Màmá kò ṣe ìlérí kankan. Ẹnu rẹ̀ kò mọ irọ́ pa. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, obìnrin yìí kò lè purọ́ kí ó má hàn. Tó bá fẹ́ purọ́, ẹ̀rín á máa gbọ̀n án láti ikùn, ọkọ rẹ̀ a sì máa mọ ẹni tó jẹ ẹran ìsàlẹ̀ ìkòkò láìtíì béèrè. Ó jókòó ti ọmọ náà títí èémí rẹ̀ fi tún wúwo. Lẹ́yìn náà ló rá pálá jáde.

Wọ́n ti dé. Àwòdì irin Ilé Ojú ń fò yípo lókè, ó ń dún wùn-wùn, kò rí nǹkan kan nínú òkúta. Ìyáàfin Ọdúnúgà dúró láàárín àwọn ọmọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, omijé wà lójú rẹ̀, òótọ́ sì ni omijé náà. Ọ̀gá Olùṣọ́ Ilé Ojú tó bá a wá ga, ó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú. Bó ṣe rí Màmá, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí àpáta.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá Tíṣà."

"Gbóyèga! Ìwọ lo ga báyìí? Dìde, má fi aṣọ ìjọba nulẹ̀." Kíláàsì rẹ̀ ni ọmọ yìí ti jáde, tipẹ́. "Ìyàwó ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Màmá." Ó dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, iná ọmọ kan ti kú."

"Ẹ bá mi bi wọ́n!" Ìyáàfin Ọdúnúgà já lu ọ̀rọ̀. "Mo tọ́jú ọmọ yẹn bí ọmọ tí mo bí! Ibùsùn tó ń sùn sí, kò rí irú rẹ̀ rí níbi tó ti wá. Bóyá ejò ti bù ú ṣán. Bóyá ó ti já sínú kòtò. Màmá, ẹ̀yin náà bímọ!"

"Ilẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ń ta á," ni Màmá wí.

"Kì í ta á. Ó kàn ń rán an létí ni."

"Ìwọ ńkọ́, ṣé tìrẹ máa ń rán ọ létí?"

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ibi tí ilẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ wà, tó ń tàn rọra, tí awọ abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Gbóyèga yíjú sí àwọn ọmọ. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò jàgbe mọ́ wọn. Ó lóṣòó níwájú Mofíyìn. "Ìwọ lo mọ gbogbo nǹkan tó ń lọ ní kíláàsì yìí, àbí? Níbo lẹ ti ṣeré?"

Àfi ti ọ̀sán yìí, ọmọ yìí ò pa ọ̀rọ̀ mọ́ rí. Ó sọ fún gbogbo iléèwé nígbà tí ìdí Màmá ya ìró. Mofíyìn la ẹnu. Ó wo pátákó, ó wo Ìyáàfin Ọdúnúgà, ó wo Màmá lójú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó fi bojú rẹ̀.

"Mo bojú," ó ní. "Mi ò wò."

Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bojú. Òmíràn bojú. Èyí tó tọ̀ sára bojú. Gbogbo wọn jókòó lórí àpáta bẹ́ẹ̀, ọwọ́ lójú, ẹsẹ̀ eléruku, wọn kò sì mira.

Gbóyèga dìde. "Màmá, a ò ní ènìyàn tí yóò wọ gbogbo ihò òkè yìí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn sọ pé ẹ ò mọ ibi tó wà, màá kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, màá sì máa lọ."

Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn, ó là á sílẹ̀ fún un bí ẹni tẹ́ ẹní. Màmá wo ẹní náà. Kó jókòó lé e ni, kó purọ́ kékeré kan, kó padà sílé lọ gbé omi gbóná lé orúnkún. Ó tiẹ̀ gbìyànjú. Ó la ẹnu láti sọ pé òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀rín lọ́tẹ̀ yìí.

"Mo mọ ibi tó wà," ó ní. "Ejò kò bù ú, kò já sí kòtò. Ó ń sùn. Mi ò ní sọ ibẹ̀ fún ọ."

"Ẹ gbọ́!" Ìyáàfin Ọdúnúgà nàka. "Ó ti jẹ́wọ́! Ẹ mú un!"

"Màmá." Ohùn Gbóyèga ti yí padà. "Ẹni tó bá fi ọmọ pamọ́, ẹ mọ ohun tí Ilé Ojú ń ṣe fún un. Wọn á gba kíláàsì lọ́wọ́ yín. Wọn á tì yín mọ́lé. Ní ọjọ́ orí yín yìí."

"Èmi ló kọ́ ọ ní òfin, Gbóyèga. Mo mọ̀ ọ́n."

Gbóyèga sọ fún Ìyáàfin Ọdúnúgà pé kó kó àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀ sí iléèwé, kó sì dúró de òun níbẹ̀. Wọ́n ní láti mú ọwọ́ Mofíyìn kúrò lójú rẹ̀ kó lè rí ọ̀nà. Òun àti Màmá wá tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí ẹsẹ̀ arúgbó, ó dì í lápá níbi tí òkúta ti ń yọ̀. Àwòdì irin ti fò ṣáájú. Ìrọ̀lẹ́ pọ́n lórí koríko. Màmá ń ronú omi tó ń kán nínú ihò yẹn, pé ó tó mu, àti pé kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Nígbà tí àwọn tó wà níwájú ti yí kọ́nà, Gbóyèga dúró. Ó jọ̀wọ́ apá rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó sì di àtẹ́lẹwọ́ òsì mọ́ ilẹ̀kẹ̀ tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó dì í pinpin bí ẹni fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́. Màmá wò ó lójú, kò mọ̀ bóyá ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ń wò tàbí Ọ̀gá Olùṣọ́.

"Màmá," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ, "tí mo bá mú yín lọ báyìí, ta ni yóò máa gbé oúnjẹ lọ fún un?"